Síkéèlì Kékeré Tí Mo Rà ní Sábó, Ìkòròdú

Wúrà àlòkù ni mò ń rà. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá kan mú yẹtí àtijọ́ wá. Bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, mo ti mọ̀ pé kò lè ju gíráàmù 4 lọ. Mo gbé e lé síkéèlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó ní 61.7.

Ìyá náà ti rí i. "Àǹtí, 61 ló wà níbẹ̀ yẹn o. Owó 61 ni ẹ máa san fún mi." Mo ṣàlàyé títí, kò gbà. Ó kó yẹtí rẹ̀, ó sì pè mí lólè lójú àwọn tó ń kọjá. Ọdún 17 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, ó di Sábó. Mo kí ọ̀gá tó tà á fún mi, kò dáhùn, kò gbójú kúrò lára fóònù. Ó kàn nawọ́ sí ìwé tó wà lára ògiri pé àwọn kì í gba ọjà padà. Mo ní kó má dá owó padà, kó sáà bá mi wò ó. "Màdáàmù, ẹ ti bà á jẹ́." Kò sì tíì fọwọ́ kàn án!

Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ló dìde. "Ẹ má bínú, Mọ́mì." Ó tẹ bọ́tìnnì MODE lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà tíntín tó wà ní igun ojú síkéèlì kúrò ní "gn", ó di "g". Ó ní kí n bọ́ òrùka mi lé e: 3.21. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn.

Àbúrò mi tó wà ní Texas ló tú u fún mi lálẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, síkéèlì àwa tí à ń ki ọta fúnra wa nílé ni ẹ rà yẹn." Gíréènì, ìyẹn "gn" tó wà lójú síkéèlì, ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù tí wọ́n ń dà sínú kàtíríìjì tí wọ́n ti yìn: 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́ùn kan, gíráàmù 1 sì jẹ́ 15.43. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po 4, ó bọ́ sí 61.7. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ẹni lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi kì í fi í wọn ohunkóhun láì kọ́kọ́ pa fáànù, kó sì gbé irin 50 gíráàmù tó bá síkéèlì wá lé e.

Mo ti ju irin tèmi sínú dúrọ́ọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo wá a jáde. Lábẹ́ fáànù: 49.96, 50.03, 49.98, kò dúró síbì kan. Mo pa fáànù: 50.00. Mo gbé e lẹ́ẹ̀mẹta sí i, 50.00. Inú mi dùn débi pé mo pe aládùúgbò mi wá wò ó. Síkéèlì tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀ kò ṣe irú èyí rí.

Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án ni wọ́n fi MODE sí, ìka á kàn án láìròtẹ́lẹ̀. Mo ti fi séllótéèpù bò ó. Mo sì máa ń fi "g" yẹn han oníbàárà kí n tó gbé wúrà rẹ̀ lé e. Ìyá yẹn ò tíì padà wá. Mo ti ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.