Bóòtù Tó Dẹ̀ Níbi Tí Ọwọ́ Kò Tó: Ìfiwéra Àwọn Irinṣẹ́ fún Katamaráànì Onígi

Katamaráànì onígi jẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun oníkùn méjì tí àwọn igi ìdábùú so pọ̀. Bí ìgbì bá dé, ikùn kan ni yóò kọ́kọ́ gbé sókè kí ó tó gbé èkejì, àwọn bóòtù tí ó de igi ìdábùú mọ́ ikùn ọkọ̀ ni ó sì ń gba gbogbo ìlọ́ náà mọ́ra. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí James Wharram ya àwòrán wọn, okùn ni wọ́n fi ń de igi ìdábùú dípò bóòtù, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò kan irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti bóòtù ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tí ó ti mọ̀ pé nọ́ọ̀tù kan ti dẹ̀ lẹ́yìn ògiri inú ọkọ̀, tàbí ní igun tóóró níwájú ikùn, tí kò sì mọ èwo nínú àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ń tà ni kí òun náwó lé.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó mú bóòtù dẹ̀. Igi a máa wú nígbà tí ó bá mu omi, a sì máa súnkì nígbà tí ó bá gbẹ. Bí ó ti ń wú ni wáṣà ń tẹ̀ ẹ́ rún, nígbà tí ó bá sì gbẹ tán, àlàfo yóò ti wà lábẹ́ wáṣà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ọ̀tù kò yí rárá. Ẹ fi ẹnu sikuru-dráífà kékeré tẹ igi tí ó yí bóòtù ká. Bí ó bá rì wọlé, igi ti jẹrà nìyẹn, kò sì sí sípánà tí ó lè wò ó sàn. Ṣe ni fífún nọ́ọ̀tù yóò túbọ̀ fa wáṣà wọnú igi náà. Ńṣe ni a ń gbẹ́ irú ibẹ̀ jáde, tí a ń jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, tí a ń fi epoxy (gúlúù alápá méjì tí a ń pò pọ̀ kí ó lè gan) tí a ti po kí ó ki dí i, kí a tó tún ihò bóòtù lù.

Dígí àbí kámẹ́rà

Dígí kékeré tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe é fà gùn kò nílò bátìrì, ó sì ń fi àwọ̀ igi hàn bí ó ti rí gan-an, èyí tí ó ṣe pàtàkì nígbà tí a bá ń wá ibi tí omi ti sọ di dúdú. Àléébù rẹ̀ ni pé ó nílò iná tọ́ọ̀ṣì, ó sì ń sọ ọ̀tún di òsì. Kámẹ́rà olókùn tí a ń so mọ́ fóònù, tí orí rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 5.5 tàbí 8, ní iná tirẹ̀, ó sì lè gba ihò tí ìka kò lè gbà, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kì í jẹ́ kí a mọ bí àlàfo ṣe tó. Bí ẹ bá lè rí apá kan lára nọ́ọ̀tù, dígí tó. Bí ó bá wà lẹ́yìn ògiri pátápátá, kámẹ́rà ni kí ẹ rà, kí okùn rẹ̀ sì le tó láti dúró sí ibi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí.

Sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra sípánà bi ara rẹ̀ ni èyí: báwo ni yóò ṣe yí tó kí ó tó lè tún nọ́ọ̀tù gbá mú? Sípánà ẹlẹ́nu tí orí rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 15 nílò dígírì 30, bí a bá ń yí i dojú dé lẹ́yìn ìfàsí kọ̀ọ̀kan. Sípánà olórùka onígun 12 náà nílò dígírì 30. Ti onígun 6 nílò dígírì 60, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ń di nọ́ọ̀tù tí etí rẹ̀ ti ń jẹ mú jù. Sípánà olórùka ti ráṣẹ́ẹ̀tì, èyí tí ń fa nọ́ọ̀tù sí ìhà kan tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń padà láìyọ kúrò lórí rẹ̀, kò nílò ju dígírì 5 lọ bí ó bá ní eyín 72. Ní igun tí ọwọ́ sípánà kò ti lè rìn ju ìbú ìka méjì lọ, ìyàtọ̀ yìí ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ yóò ṣe é ṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé sípánà ráṣẹ́ẹ̀tì ni ó yẹ kí a náwó lé, ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Orí rẹ̀ nípọn ju ti sípánà olórùka lásán lọ, nítorí náà ẹ wọn àlàfo tí ó wà láàárín nọ́ọ̀tù àti ògiri kí ẹ tó sanwó. Èkejì ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń tú nọ́ọ̀tù tí ògiri wà níwájú rẹ̀, yóò máa bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tẹ sípánà mọ́ ògiri. Bí ráṣẹ́ẹ̀tì náà kò bá sì ní ohun tí a fi ń yí ìhà tó ń fà sí padà, sípánà yóò há síbẹ̀, kò sì ní ṣe é yọ. Èyí tí ó ní i, tí ọrùn rẹ̀ sì ṣe é tẹ̀, ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì (ife irin tí a ń fi bo nọ́ọ̀tù láti yí i) tí a fi irin ìfàgùn gbé wọlé dára ju sípánà lọ níbi tí nọ́ọ̀tù bá jìnnà sínú ṣùgbọ́n tí ọ̀nà ibẹ̀ tọ́. Bí ìdí bóòtù bá yọ gùn kọjá nọ́ọ̀tù, sọ́kẹ́ẹ̀tì kúkúrú kò ní jókòó. Ẹ ra ti gígùn, tàbí irú èyí tí àárín rẹ̀ lu já. Oríkèé tí a ń fi sí irin ìfàgùn kí ó lè yà wúlò nígbà tí ó bá yà díẹ̀. Bí ó bá ti yà jù, ó máa ń fò lórí nọ́ọ̀tù, n kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ṣe fífún ìkẹyìn.

Ìwọ̀n náà lè tan ni jẹ. Nọ́ọ̀tù M10 (ti bóòtù tí ó nípọn ní mílímítà 10) ti ìlànà DIN àtijọ́ ti Jámánì gba sípánà mílímítà 17, ti ISO, ìlànà àgbáyé, gba 16. M12 gba 19 tàbí 18, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì wà tí bóòtù wọn jẹ́ ti ínṣì. Sípánà 17 tí a fi sórí nọ́ọ̀tù 16 yóò jẹ etí rẹ̀, nọ́ọ̀tù tí etí rẹ̀ ti jẹ níbi tí ọwọ́ kò tó sì di ìṣòro ọ̀tọ̀. Ẹ má sì ra mágínẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn nítorí àtimú nọ́ọ̀tù tí ó bá já bọ́: irin sitéénlẹ́ẹ̀sì 316 tí a fi ń ṣe nọ́ọ̀tù ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ fà mọ́ ọn. Gíríìsì díẹ̀ nínú òrùka sípánà ń di nọ́ọ̀tù mú dé ibi tí ó ń lọ.

Ohun tí kì í jẹ́ kí ó tún dẹ̀

Wáṣà onísípíríìngì kò wúlò lórí igi, ẹ má ṣe ka owó lé e. Ìdíje gidi wà láàárín nọ́ọ̀tù tí ó ní òrùka náílọ́ọ̀nù nínú àti gúlúù bóòtù. Ti náílọ́ọ̀nù kò gbẹ́kẹ̀ lé bí ojú bóòtù ṣe mọ́ tó, ṣùgbọ́n ìka kò lè yí i. Sípánà ni yóò máa yí i láti ibi tí náílọ́ọ̀nù bá ti kan bóòtù, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ di orí bóòtù mú lódì kejì. Bí a bá tú u, tuntun ni kí a fi rọ́pò rẹ̀. Gúlúù máa ń jẹ́ kí a fi ìka yí nọ́ọ̀tù lásán dé òpin, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kí ó tó gan lórí sitéénlẹ́ẹ̀sì, ojú bóòtù kò sì gbọ́dọ̀ ní òróró. Ẹ ra èyí tí agbára rẹ̀ wà ní àárín, bíi Loctite 243. Àwọn tí ó lágbára jù ń fẹ́ iná gbígbóná kí wọ́n tó tú, epoxy tí ó wà lára igi yóò sì ti rọ̀ kí gúlúù náà tó gbọ́.

Wáṣà ni ohun tí owó rẹ̀ kéré jù tí èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù. Wáṣà M10 lásán fẹ̀ ní mílímítà 20, èyí tí ó gbòòrò fẹ̀ ní 30, ibi tí ó fi ń tẹ igi sì ju ìlọ́po méjì àbọ̀ ti àkọ́kọ́ lọ. Àwo fáíbàgíláàsì tí a gé, tí a sì fi síwájú tàbí sẹ́yìn igi, tún dára ju wáṣà lọ, bí àyè bá wà.

Ẹnu ọ̀nà dípò irinṣẹ́

Bí nọ́ọ̀tù kan náà bá ti dẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èrò mi ni pé kí ẹ dá owó irinṣẹ́ dúró, kí ẹ ra ìdérí àyẹ̀wò roboto tí ó fẹ̀ tó mílímítà 100 sí 150, kí ẹ sì gé ihò rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ yóò ti bọ́ sí nọ́ọ̀tù tààrà. Ẹ má gé e sára ògiri tí igi ìdábùú gbára lé, ẹ sì fi epoxy bo etí pláíwúùdù tí ẹ gé kí omi má baà wọ̀ ọ́. Sípánà olówó pọ́ọ́kú yóò tó lẹ́yìn náà, ẹ ó sì lè máa fi ojú yín rí igi náà nígbàkígbà.

Ohun ìkẹyìn tí ó yẹ kí ó wà nínú àpò irinṣẹ́ yín ni ìgò ọ̀dà kékeré. Nígbà tí ẹ bá fún nọ́ọ̀tù tán, ẹ fa ìlà kan láti ìdí bóòtù kọjá lórí nọ́ọ̀tù àti wáṣà dé ara igi. Bí ìlà náà bá já lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, nọ́ọ̀tù ni ó yí, ẹ pààrọ̀ ohun tí ń dì í mú. Bí ìlà bá ṣì wà ní títọ́ tí bóòtù sì dẹ̀, igi ni ó rún, wáṣà tí ó gbòòrò tàbí epoxy ni ó kù láti rà.