Ìwé fóníìsì kéékèèké àbí ìwé ìtàn aláwòrán ńlá: èwo lẹ máa rà fọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ̀wéé kà?

Ẹ̀yin mọ́mì àti dádì tá a jọ wà l'Abuja níbí, méjèèjì ló wà nílé mi ní Kubwa, ọmọ mi sì ti lo méjèèjì, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí. Fóníìsì ni kí ọmọ mọ ìró lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, kó wá pa á pọ̀ di ọ̀rọ̀.

Ẹ má wo ti kọ́lọ̀ àti bébà tó ń dán. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: ṣé ọmọ lè fi ìró tó ti mọ̀ pe gbogbo ẹ̀, àbí ohun tó bá ṣáà ti wá sí i lẹ́nu láá máa sọ?

Ìwé ńlá tí mo rà ní Wuse Market, wọ́n kọ fóníìsì gàdàgbà sí iwájú ẹ̀, kò pẹ́ lọmọ ń kà á bí ẹni mumi, inú mi dùn gan-an. Ìgbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán báyìí, ó kàn ń wò mí lójú ni. Ibi tí wọ́n kọ "van" sí, "bus" ló ń pè é látọjọ́ yìí torí bọ́ọ̀sì ló rí nínú àwòrán. Ó ti há gbogbo ẹ̀ sórí ni! Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn: "horse", "laugh", "night". Báwo lọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ s àti a ṣe fẹ́ pe "laugh"? Ọmọ ò lẹ́bi kankan níbẹ̀. Owó ìwé yẹn sì tó ra mẹ́ta mẹ́rin nínú àwọn kéékèèké, ó dùn mí o.

Àwọn kéékèèké ní tiwọn, àwòrán wọn ò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà, àmọ́ wọ́n to ìró wọn dáadáa. Jolly Phonics, ìyẹn ètò fóníìsì tọ́pọ̀ iléèwé aládàáni ń lò, ìró 42 ló ń kọ́ ọmọ, s, a, t, i, p, n ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó bá bá a mu á fi mẹ́fà yẹn nìkan kọ "sat", "pin", "tap", ọmọ á máa fìka tọ́ ọ, s... a... t, á pa á pọ̀, á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ lè rí ọ̀rọ̀ bíi "the" àti "was" níbẹ̀, tọ́mọ ò tíì lè fi ìró tó mọ̀ pè, ìyẹn ò burú, ẹ kàn pè é fún un.

Àwa Yorùbá ṣáà, ẹ kíyè sí èyí: ọmọ tó ti mọ ABD á fẹ́ pe "sí, tí, pí", ẹ bá a yọ í yẹn kúrò, p Gẹ̀ẹ́sì náà kì í sì í ṣe p inú "pátápátá", ètè nìkan ni wọ́n fi ń pè é. Tẹ́ ò bá tún ìyẹn ṣe, kò síwèé tó máa ṣiṣẹ́.

Ìwé ńlá ò tètè ya, àwọn kéékèèké máa ń já níbi pín-ìn-nì, sẹ́lótéèpù ni mo fi ń dè é. Kẹ́ ẹ máa kà á fọ́mọ kó tó sùn, ìwé ńlá dáa, mo ṣì ń lò ó. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ fúnra ẹ̀ lẹ fẹ́ kó kàwé, tówó sì tó ra ẹyọ kan péré, ẹ̀yin náà mọ ibi tí mò ń lọ.

Ẹ béèrè ìró tí wọ́n ti kọ́ ọmọ níléèwé kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi wo ojú ewé àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá ní odindi sẹ́ẹ̀tì nìkan làwọn ń tà, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, àwọn tó ń tà á lẹ́yọ-ẹyọ wà.