Ó pé mi, ṣùgbọ́n ó pẹ́: àgbéyẹ̀wò dípúlómà iṣẹ́ ọkọ̀ tí mo gbà

Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní ọgbà mẹkáníìkì ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ti gba fírídọ̀ọ̀mù, kí n tó forúkọ sílẹ̀ fún dípúlómà ọlọ́dún méjì nípa iṣẹ́ ọkọ̀ ní ọdún 2021. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ máa ń bi mí bóyá owó tí mo ná síbẹ̀ pé mi. Ó pé mi, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó pé, ohun tí wọ́n sì fi polówó ẹ̀kọ́ náà fún mi kọ́ ni ó mú èrè wá.

Owó ilé-ìwé ọdún kìíní jẹ́ ₦92,000, ti ọdún kejì jẹ́ ₦84,000; yàrá tí mo gbà jẹ́ ₦80,000 lọ́dún; aṣọ iṣẹ́, ìwé tí àwọn olùkọ́ ń tà àti iṣẹ́ àṣekágbá sì gba ₦74,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦410,000. Èyí tí ó dùn mí ju ìyẹn lọ ni owó tí n kò rí pa: ₦7,000 ni mo máa ń rí lọ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, nǹkan bí ọgọ́ta ọ̀sẹ̀ ni ilé-ìwé sì fi gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́, èyí tí ó jẹ́ ₦420,000.

Kí ni mo rí gbà? Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni a fi ń kọ́ṣẹ́, oníkabúrétọ̀ ni, irú àtijọ́ tí kabúrétọ̀ ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ ti di ohun àwátì lójú pópó Tákíé. Àwa méjìdínlógójì ni a máa ń yí i ká. Ẹni tí kò bá ga, ẹ̀yìn ọrùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa wò. Skánà, ẹ̀rọ tí ó ń ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá kọ sílẹ̀, wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo sì fojú kàn án ní ọdún méjì. Nígbà tí ó tó àkókò SIWES, ètò tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá sílẹ̀ ní ọdún 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan iṣẹ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi náà ni mo padà sí fún oṣù mẹ́rin. Ọ̀gá mi gba ìwé àkọsílẹ̀ SIWES mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó ní, “Èmi tí mo kọ́ ẹ níṣẹ́ ni n óò tún máa buwọ́ lùwé fún wọn pé wọ́n ń kọ́ ẹ?” Ó kúkú buwọ́ lù ú.

Olùkọ́ iná ọkọ̀ nìkan ni n kò lè ṣàì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, bí a bá fura sí ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ó ń fi iná sí bátìrì, a ó yọ orí bátìrì kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá kú, a ó ní ọ́tánétọ̀ ti lọ. Olùkọ́ yìí ṣàlàyé pé iná tí ó máa ń ru sókè lójijì bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè jó kọ̀ǹpútà ọkọ̀, pé mítà ni kí á fi kan bátìrì: bí ó bá wà láàárín fóòtì 13.5 sí 14.5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọ́tánétọ̀ ń ṣaájì.

Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí n fi ₦65,000 ra skánà tèmi. Òfin Amẹ́ríkà ti mú kí ọkọ̀ tí wọ́n bá tà níbẹ̀ láti ọdún 1996 ní ihò ẹlẹ́nu mẹ́rìndínlógún lábẹ́ ibi sítíárì, tí a ń ki skánà bọ̀, Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ tókúnbọ̀ wa ti wá. Tíṣà kan gbé Corolla 2005 wá ní ọdún 2023, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù méjì ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti pọ́ǹpù epo. Skánà kọ kóòdù P0301, ìyẹn ni pé iná kò mú dáadáa ní sìlíńdà kìíní. Mo gbé kóìlì rẹ̀, èyí tí ó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, lọ sórí sìlíńdà kejì, mo fi ti èkejì rọ́pò rẹ̀, mo pa kóòdù rẹ́, mo tún tá ọkọ̀. Ó kọ P0302. Àìsàn ti bá kóìlì lọ. Kóìlì ẹyọ kan ni a rà.

Gbígba owó rẹ̀ ni ìṣòro. ₦5,000 ni mo ń gbà fún yíyẹ ọkọ̀ wò, àwọn oníbàárà á sì ní, “Bọ̀dá, ẹ ò tíì tú nǹkan kan, kí lẹ fẹ́ gbowó lé lórí?” Ọwọ́ tí ó bá dọ̀tí ni wọ́n ń sanwó fún níbí. Fún oṣù mẹ́fà, ọkọ̀ méjì péré ni mo ń rí lọ́sẹ̀, kí àwọn mẹkáníìkì ẹlẹgbẹ́ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èyí tí ó ti sú wọn wá, tí ó fi di mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó tó oṣù kẹtàlá kí n tó rí owó mi kó.

Ìwé-ẹ̀rí náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kankan kò tíì kà á. Ẹni tí kò bá tíì di sípánà mú rí, n kò ní gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá mi kan bi mí bóyá kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo ní kí ó kọ́kọ́ gba fírídọ̀ọ̀mù, kí ó ra mítà, kí ó sì máa wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé. Bí ó bá ṣì wù ú lẹ́yìn náà, mo mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lápò rẹ̀.