Píkọ́ọ̀pù Afọwọ́wé àbí ti Ilé-iṣẹ́: Èwo Ló Yẹ Gìtá Yín?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tú ike ojú gìtá Squier mi (irú tí Fender ń tà ní owó pọ́ọ́kú), mo rò pé màá bá àràmàǹdà kan lábẹ́ ẹ̀. Ohun tí mo bá kò ju òòfà dúdú pẹlẹbẹ kan lọ, bí ọṣẹ tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan. Àwọn orí irin róbótó mẹ́fà tí mo ti ń rí lójú gìtá láti ọjọ́ tí mo ti rà á, tí mo rò pé àwọn gan-an ni òòfà, irin lásán ni wọ́n. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò: bí èèyàn bá fẹ́ pààrọ̀ wọn, ṣé ti ilé-iṣẹ́ ńlá ni kó rà, àbí kó gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ń fọwọ́ wé e?

(Píkọ́ọ̀pù tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó iṣu o. Nǹkan gbọọrọ tó wà lábẹ́ okùn gìtá oníná ni. Òòfà wà nínú ẹ̀, wọ́n wé wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí yí i ká. Ti Stratocaster àtijọ́, gìtá oníná ilé-iṣẹ́ Fender, máa ń tó bí ìgbà 8,000. Bí okùn bá ṣe ń gbọ̀n lókè òòfà, iná kékeré á jí nínú wáyà yẹn, òun ló ń lọ sínú ámpù.)

Ẹ yí síkúrù wò ná

Kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ sílẹ̀, ẹ wá síkúrù-dírafà. Síkúrù kékeré wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì píkọ́ọ̀pù, òun ló ń gbé e sókè tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù àti èyí tó tín-ín-rín jù mọ́lẹ̀ níbi tí ọrùn gìtá parí sí, kí ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti orí irin. Fún Stratocaster, ohun tí Fender fọwọ́ sí ni bíi mìlímítà 2.4 lábẹ́ okùn tó nípọn, àti mìlímítà 2 lábẹ́ èyí tó tín-ín-rín. Bí òòfà bá sún mọ́ okùn jù, á máa fà á, ohùn á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ẹ ó túùnù títí, kò ní bára mu. Mo mọ ẹnì kan tó ti ń dá àjọ owó píkọ́ọ̀pù tuntun, síkúrù ló kàn fẹ́ yíyí.

Èyí tó bá gìtá wá àti èyí tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀

Òòfà sẹ̀rámíìkì ló wọ́pọ̀ nínú gìtá olówó pọ́ọ́kú. Kì í ṣe pé ó burú. Ohùn ẹ̀ mú, ó sì le. Ẹni tó bá fẹ́ kí gìtá máa ké rara bíi ti àwọn onírọ́ọ̀kì á gbádùn ẹ̀. Kódà Super Distortion tí DiMarzio gbé jáde ní 1972, tó wà lára àwọn píkọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe tà fún pípààrọ̀, sẹ̀rámíìkì ló wà nínú ẹ̀. Alnico ni èkejì, irin tí wọ́n pò mọ́ alumíníọ̀mù, níkẹ́ẹ̀lì àti kóbọ́ọ̀tì. Òun máa ń dún gooro láìgún èèyàn létí. Alnico 5 lágbára ju Alnico 2 àti 3 lọ, àwọn méjì yẹn sì rọ̀ létí jù ú lọ.

Bí gìtá yín kò bá ju Squier Affinity lọ, ìmọ̀ràn mi ò gùn: ẹ ra Alnico ti ilé-iṣẹ́ tí owó ẹ̀ ò wọ́n, irú Tonerider tàbí Wilkinson, kí ẹ máa lu gìtá yín lọ. Ìyàtọ̀ tí etí ń gbọ́ láàárín sẹ̀rámíìkì àti Alnico pọ̀ ju èyí tó wà láàárín Alnico ti ẹ̀rọ àti ti ọwọ́ lọ fíìfíì. Píkọ́ọ̀pù afọwọ́wé mẹ́ta lè gba owó tí ẹ fi ra odindi gìtá yẹn. Ti Squier Classic Vibe tún yàtọ̀: Alnico ti wà nínú ẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá, ẹni tó bá ní in kó má kánjú.

Seymour Duncan àti DiMarzio wà lókè díẹ̀, owó wọn kò sì jìnnà sí ti afọwọ́wé mọ́. Àǹfààní tiwọn ni pé gbogbo ayé mọ orúkọ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, oníbàárà ò ní máa bi yín pé ta ló ṣe é.

Ọwọ́ àti ẹ̀rọ

Afọwọ́wé kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan jókòó tó ń ran wáyà bí ìyá àgbà tó ń ran òwú. Mọ́tò ló ń yí i. Ọwọ́ onítọ̀hún ló ń tọ́ wáyà lọ tó ń tọ́ ọ bọ̀, tó sì ń fi ìka mọ bó ṣe yẹ kó le tó. Ẹ̀rọ a máa tò ó jọ létòlétò bí ẹní. Ti ọwọ́ a máa gba orí ara wọn kọjá, àlàfo afẹ́fẹ́ á wà láàárín wọn. Àwọn tó ń wé e ní ìyẹn ló ń jẹ́ kí òkè ohùn ṣí dáadáa. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Iye ìgbà tí wáyà yí ká àti irú òòfà ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tọ́ ọ ní Fender láyé àtijọ́. Abigail Ybarra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1956, kò fẹ̀yìn tì títí di 2013, àwọn tó mọyì gìtá sì ń fowó gidi wá èyí tó bá ní ìbuwọ́lù ẹ̀. Ní Gibson, ilé-iṣẹ́ gìtá míì, Seth Lover ló ṣe humbucker, píkọ́ọ̀pù onídì wáyà méjì, ní 1955. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, “Patent Applied For” (a ti béèrè fún ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá), ló sọ ọ́ di PAF lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹ lè rí méjì tí ohùn wọn ò jọra rárá: wáyà ẹ̀gbẹ́ kan lè pọ̀ ju ti ìkejì lọ, òòfà tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n sì ń kì bọ̀ ọ́. Ohun tí àwọn kan ń pè ní idán lónìí, àìbáramu ni nígbà náà.

Nítorí náà, kí ni ẹ ń rà gan-an lọ́wọ́ afọwọ́wé? Ọ̀rọ̀ sísọ ni. Ẹ ó sọ irú orin tí ẹ ń lù fún un, á sì wé e sí i. Jùjú àti orin ìyìn ni tèmi. Nínú jùjú, gìtá mẹ́ta mẹ́rin ló ń dá ara wọn lóhùn, bí ẹ ti ń gbọ́ ọ lọ́dọ̀ Sunny Adé àti Ebenezer Obey. Gìtá tí ohùn ẹ̀ bá ki jù á bo ti ẹnì kejì mọ́lẹ̀, á tún máa du ààyè mọ́ dùndún lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ń polówó pé ó “gbóná” ni wọ́n ti wé wáyà lé lórí jù nítorí rọ́ọ̀kì. Ohùn á lọ sókè, á nípọn, àmọ́ gooro yẹn á kú. Ẹni tó ń lu jùjú tó lọ ra irú ẹ̀ ti fowó ra ìyọnu.

Ẹ tún ṣọ́ra fún nọ́ńbà. Ẹ ó máa rí 5.8k, 8k, 16k. Ohun tí mítà kà lórí wáyà nìyẹn, bí wáyà ṣe ń dènà iná tó; k dúró fún ẹgbẹ̀rún óòmù. Stratocaster àtijọ́ sábà máa ń wà láàárín 5.5k sí 6.5k, PAF láàárín 7k sí 9k. Kò túmọ̀ sí pé èyí tó bá ga jù ló pariwo jù. Wáyà tí wọ́n ń pè ní 43 tín-ín-rín ju èyí tí wọ́n ń pè ní 42 lọ, tí ẹ bá fi wé iye kan náà, nọ́ńbà ẹ̀ á ga jù láìjẹ́ pé ohùn fi bẹ́ẹ̀ lé sí i. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà nìkan polówó fún yín, ẹ bi í ní irú wáyà àti irú òòfà tó lò.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀

Ibí yìí ni owó ò ti ràn án. Píkọ́ọ̀pù onídì kan, èyí tí ìdì wáyà kan ṣoṣo wà nínú ẹ̀ bíi ti Stratocaster, á kùn, ìbáà jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi wé e, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí NEPA bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì gbà á, gìtá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin tí wọ́n tú ilé ẹ̀, àgàgà tí pásítọ̀ bá ní ká dákẹ́ ká gbàdúrà. Humbucker ní ìdì wáyà méjì tí wọ́n ṣe lódìkejì ara wọn, ariwo ti ọ̀kan á pa ti èkejì. Bí ohùn onídì kan lẹ bá fẹ́ dandan, ẹ ní kí wọ́n wé ti àárín lódìkejì, kí wọ́n sì dorí òòfà ẹ̀ kodò. Tí ẹ bá ti pa á pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ariwo á lọ sílẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan náà ni kí ẹ ti ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Bí ti ẹni yìí ò bá bá ti ẹni yẹn lọ, ohùn wọn pọ̀ á di ti rédíò kékeré tí bátìrì ẹ̀ ń kú lọ.

Ta ló máa fi sí i?

Ẹ wọn àlàfo láti okùn kìíní sí ìkẹfà kí ẹ tó béèrè humbucker: ti Gibson máa ń tó bíi mìlímítà 50, ti Fender 52 sí 53. Kókó fọ́líùmù 250k ló bá onídì kan mu, 500k fún humbucker. Kókó tí kò dára lè ba ohùn píkọ́ọ̀pù olówó iyebíye jẹ́.

Mo gbé ọ̀kan lọ bá ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe. Ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá, àmọ́ síkúrù-dírafà yọ̀, ó fi ẹnu ẹ̀ ha ẹ̀gbẹ́ ìdì wáyà. Fọ́nrán kan ṣoṣo ló já, èyí tí mi ò lè fojú rí dáadáa, gìtá sì dákẹ́ lọ gbári. “Ẹ má bínú, bùọ̀dá, a ó jó o pọ̀,” ló ń wí. Kò ṣeé jó. Ti ilé-iṣẹ́ ni, mo sọ ọ́ nù. Ká ní ti afọwọ́wé ni, ọ̀pọ̀ wọn máa ń tún un wé, owó ẹ̀ á sì kéré sí ti tuntun.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fún ọ̀kan nínú wọn níṣẹ́ nígbà tó kan gìtá tí mo fẹ́ràn jù. Kó tó dárúkọ owó, ó béèrè ámpù tí mò ń lò, bí okùn mi ṣe nípọn tó, àti iye gìtá tó wà nínú ẹgbẹ́ wa. Mo ní mẹ́rin. Ó ní kí n má gbà kí ẹnikẹ́ni wé e kọjá 6k. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbà á, tó fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ nílé. Nígbà tí mo tú u nínú bébà, ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ìdí ti ẹ̀bá ọrùn: 5.8.