Ilé fọ́tò tí kò pa pélé mi rẹ́

Mo ṣubú lórí ọ̀kadà ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn, ní 2022. Nígbà tí mo lajú ní ọsibítù, mo mọ oríkì mi, mo mọ orúkọ ọ̀gá tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹta, ṣùgbọ́n n kò mọ ìyàwó ọmọ mi tó dúró tì mí. Bí ọdún mẹ́fà tó ṣáájú ló dàwátì. Dókítà ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ti àìpẹ́ yìí ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Fọ́tò ni à bá fi wá àwọn ọdún náà, ṣùgbọ́n òjò ti wọ álíbọ́ọ̀mù wa, fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́kọ́ kó díẹ̀ lọ (n kò ní dárúkọ wọn) fi kọ̀ǹpútà tún mi ṣe. Ara mi pọ́n, ojú mi ń dán bíi ti ọmọge, pélé tí bàbá mi ní kí olóòlà kọ fún mi ti pòórá. Mo ní, "Ta nìyí?" Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ̀yin mà ni." Mo fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wò, mo ní irọ́ ni.

Ẹni tí mo ń yìn wà ní Mọ́kọ́lá, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ kò ṣàánú orúnkún àgbà. Ó rẹ àwọn fọ́tò sínú omi tútù, ó ń ṣí wọn kúrò lára ọ̀rá díẹ̀díẹ̀, ó sì sá wọn síbi tí oòrùn kò dé. Ó bi mí pé, "Ìyá, àwọ̀ wo ni aṣọ ẹbí yìí?" N kò mọ̀. Ó ní kí a lọ mú aṣọ náà wá. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe títí méjèèjì fi bára mu. Kò fọwọ́ kan pélé mi.

Ó pẹ́ o. Ọjọ́bọ̀ ló dá, Ìṣẹ́gun ló fún wa, ó ní jẹnẹrétọ̀ ló bàjẹ́. Ẹ̀yìn bébà rẹ̀ kò sì gba bírò. Orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ tí mo kọ síbẹ̀ ń nù mọ́ mi lọ́wọ́, àfi ìgbà tó ní kí n lo pẹ́ńsù.

Ẹ má rò pé ìrántí padà. Fọ́tò kan wà láti ibi ìgbéyàwó ọmọ mi ní 2019, mo ń jó, gèlè mi ti wọ́. N kò rántí ọjọ́ náà rárá, ṣùgbọ́n mo mọ ijó yẹn: èjìká òsì ló kọ́kọ́ ń lọ, bíi ti ìyá mi. Mo ti ní kó tẹ ńlá rẹ̀ fún mi, kó má ṣe tún gèlè náà ṣe.