Ìtọ́jú ọkàn tí mo gbà ní Kábà lẹ́yìn tí mo bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé

Oṣù mẹ́rin ni mo fi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn àwọn tí láabi ti bá ní Kábà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ará wa ní Ìyàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Òwé mọ ohun tí mo bá níbẹ̀. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni àwọn ajínigbé ti dá ọkọ̀ wa dúró. Nígbà tí mo délé, àwọn ènìyàn ń kí mi ní "Okun o", wọ́n ní kí n dúpẹ́, kí n sì gbàgbé rẹ̀. Mo dúpẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀kadà bá ti dún lẹ́yìn mi, gbogbo ara mi á máa gbọ̀n, oorun kò sì kùn mí mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an ni pé kò fipá mú mi ròyìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n níwájú rẹ̀, ó gbé kọ́ọ̀pù omi tútù lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ dì í mú, ẹ sọ bí ó ṣe rí lọ́wọ́ yín fún mi." Mo ní ó tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ ń làágùn. Díẹ̀díẹ̀ ni èémí mi padà sípò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ní kí n lọ dúró ní gáréèjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n padà sílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó nínú ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan, kí n tó wá wọkọ̀ dé abúlé tó súnmọ́ wa. Oṣù kẹrin ni mo tó lọ sí Lọ́kọ́ja, tí mo sì bọ̀.

Ó tún sọ fún mi nípa àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Richard Tedeschi àti Lawrence Calhoun, tí wọ́n gbé ìwọ̀n oní-gbólóhùn 21 jáde ní 1996, láti fi wo ìdàgbà tó lè bá ẹni tó la ìpọ́njú kọjá: nínú àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn, ọ̀nà tuntun tó ṣí fún un, agbára inú rẹ̀, ìgbàgbọ́ rẹ̀, àti bí ó ti mọyì ẹ̀mí rẹ̀ tó. Kò sọ pé dandan ni kí gbogbo ènìyàn débẹ̀, kò sì pe ibi tó bá mi ní oore. Ó ní ìjàkadì tí ènìyàn ń bá ọ̀rọ̀ náà jà ló ń múni dàgbà, àti pé ẹni tó ń dàgbà ṣì lè máa sunkún. Èmi tí kì í sọ ẹ̀dùn ọkàn mi fún ẹnikẹ́ni pe àbúrò mi obìnrin jókòó, mo sọ fún un pé ẹ̀rù máa ń bà mí lóru, òun náà sì tú ohun tó ti há sí i láyà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ògiri yàrá ìtọ́jú náà kò nípọn tó. Ẹni tó wà níta lè gbọ́ ẹkún ẹni tó wà nínú, ìlú wa kò sì tóbi. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn tó ń tọ́jú ènìyàn níbẹ̀ kì í lọ bá ẹni tí kò lè wọkọ̀, bẹ́ẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ọ̀nà ti sé mọ́lé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọjọ́ kan lóṣù sílẹ̀ fún Ìsánlú ní Ìyàgbà, wọ́n sì ní àwọn yóò rò ó. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, èmi yóò bá wọn wọkọ̀ lọ.