Lẹ́sìn ọjọ́ Sátidé ní Àgọ́-Ìwòyè tó ń la ìṣirò group yéni

Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Ìpẹru, mo sì ń kàwé másítà lọ́wọ́. Láti Ìlíṣàn ni mo ti máa ń wọ mọ́tò lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí lẹ́sìn yìí wà, ní òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí yunifásítì. ₦3,000 ni wọ́n ń gbà fún wákàtí mẹ́ta. Owó ọ̀hún tọ́ sí wọn.

Ìdọ́gba ni ọ̀gá ń kọ́ wa, àmọ́ kì í ṣe ti nọ́ńbà. Group ni àkójọ ẹyọ tí a lè fi sọ ara wọn di púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní èyí tó ń dá a padà sí 1. Wọ́n kọ èyí tó ní ẹyọ méjì péré sójú bọ́ọ̀dù, 1 àti g, wọ́n ní ká wá x tí x² yóò fi jẹ́ g. A wá a tì, torí 1² jẹ́ 1, g² náà jẹ́ 1. Wọ́n wá gbé e sínú group ẹlẹ́yọ mẹ́rin, ìdáhùn sì yọjú. Wọ́n ní kí a má yára yọ̀ o. Bí g² bá jẹ́ 1, tí h³ jẹ́ 1, tí g àti h fúnra wọn kì í ṣe 1, kò sí bí group ṣe lè fẹ̀ tó tí xgx⁻¹ yóò fi jẹ́ h. Ẹ wo agbára orí x níbẹ̀: 1 àti −1, àròpọ̀ wọn jẹ́ òdo.

Ní 1962, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Gerstenhaber àti Rothaus, fi hàn pé tí àròpọ̀ yẹn kò bá ti jẹ́ òdo, tí group náà sì lópin, ìdáhùn wà dandan. Bí ọ̀gá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ká okùn mọ́ agolo mílíìkì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní ká máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ká má já a. Iye ìká náà kò yí padà. Group tó lópin wọnú U(n), ìyẹn group mátíríìsì kan (n ni iye ìlà mátíríìsì rẹ̀) tó so kọ́ra látòkè délẹ̀. Nítorí náà, a lè ti àwọn g inú ìdọ́gba náà díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo wọn yóò fi di 1, kí xᵏ nìkan ṣẹ́ kù (k ni àròpọ̀ agbára yẹn). Ìgbà kⁿ ni xᵏ ń fi U(n) bo ara rẹ̀, títì yẹn kò sì lè yí iye náà padà. Bí k kò bá jẹ́ òdo, kò síbi tí kò ní bò, torí náà x wà. Àbúrò kan béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé inú group tiwa ni x náà wà?" Wọ́n ní, "Inú U(n) ni. Ṣebí a ti gbà pé kí ó fẹ̀?" Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ibi tó dùn mí ni ti Klyachko, onímọ̀ ìṣirò mìíràn. Ní 1993, ó yanjú ọ̀rọ̀ group tí kò ní ẹyọ kankan tó ń padà sí 1 bí a bá ń sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, àyàfi 1 fúnra rẹ̀, nígbà tí àròpọ̀ agbára jẹ́ 1. Ó pín ojú bọ́ọ̀lù sí abala-abala, ó fi mọ́tò kan sí etí abala kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń lọ sí ọ̀nà kan náà láìdúró, láìpadà sẹ́yìn. Wọ́n máa forí gbárí, ó kéré tán níbi méjì! Ìforígbárí yẹn ló fi hàn pé x wà. Irú ọ̀rọ̀ báyìí tó kí èèyàn fi odidi ọjọ́ kan gbọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fún un. Ti 2017, tí òun àti Thom fi topology (ìmọ̀ nípa ìrísí tí a lè fà síhìn-ín sọ́hùn-ún láìjá) wọnú ìdọ́gba tí ohun tí à ń wá nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, orúkọ rẹ̀ nìkan la gbọ́. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò rò ó.

Yàrá náà máa ń gbóná bí iná bá lọ, wọn kì í sì í fúnni ní nóòtì, torí náà ẹ mú ìwé dání. Ẹni tí mátíríìsì kò bá tíì yé, kó lọ kọ́ ìyẹn ná. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.